Ìpolówó Orí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Ẹnubodè Ilé: Bí A Ṣe Ń Fi Ráútà Dá Ìpolówó Padà ní Ìlaròó

1.0 Ìfáàrà

Ìpolówó ọjà kì í ṣe ohun tuntun láàrin àwọn Yorùbá. Kí ìwé ìròyìn àti rédíò tó dé ni oníṣòwò ti mọ̀ pé ọjà tí a kò bá fi ohùn gbé jáde, inú igbá ni yóò gbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilẹ̀ Yewa, níbi tí ìlú Ìlaròó wà. Ilẹ̀ ẹnubodè ni. Ọ̀nà ọjà gba ibẹ̀ kọjá láti Abẹ́òkúta àti Èkó lọ sí Ìdìrókò, títí wọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Láti kékeré ni ọmọ ilẹ̀ náà ti ń gbọ́ ìpolówó. Ó mọ èyí tí ó yẹ kí òun dá lóhùn, ó sì mọ èyí tí ó yẹ kí òun jẹ́ kí ó kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n irú ìpolówó kan wà lóde òní tí kò ní ẹsẹ̀, tí kò ru igbá, síbẹ̀ tí ó ń wọ yàrá ènìyàn lọ́sàn-án lóru. Òun ni ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó ń ka ìròyìn lórí fóònù yóò rí i tí àwòrán ọṣẹ, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tàbí owó yíyá yóò yọ lójijì, tí yóò sì bo ohun tí ó ń kà.

Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni ọ̀nà kan tí onílé lè gbà dá irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ padà kí ó tó wọlé, èyí ni títún ìtò inú ráútà ilé ṣe. Iṣẹ́ náà yóò kọ́kọ́ wo ohun tí ó ya ìpolówó yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣàlàyé ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé, bí a ṣe ń dí ọ̀nà náà, ibi tí agbára ìdènà náà mọ, àti ewu tí ó wà nínú rẹ̀. Kókó tí iṣẹ́ yìí dì mú ni pé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí a ń polówó ọjà fún ni ó ń san owó ọkọ̀ ìpolówó náà. Nítorí ìdí èyí, onílé ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tí yóò wọlé. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

2.0 Ta ni ó ń san owó ọkọ̀ ìpolówó?

Bí a bá wo ìpolówó àtijọ́, a ó rí i pé ẹni tí ó fẹ́ tajà ni ó ń ru ẹrù ìpolówó rẹ̀. Ẹni tí ó ń kiri ẹ̀kọ tàbí aṣọ ni ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ohùn ara rẹ̀ ni ó sì ń ná. Ẹni tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó gbọ́ ọ kò san nǹkan kan. Bí kò bá fẹ́ rà, kò pàdánù ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, ètò náà kò yí padà púpọ̀. Oníléeṣẹ́ tí ó fẹ́ kí a polówó ọjà rẹ̀ ni ó ń sanwó fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn. Lóòótọ́ ni ẹni tí ó ń wò ó ra ẹ̀rọ, tí ó sì ń sanwó iná. Ṣùgbọ́n iye iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ kò pọ̀ sí i nítorí pé ìpolówó ni ó wà lójú rẹ̀ dípò eré.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1994 ni ìwé àtìgbàdégbà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, tí ń jẹ́ HotWired, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán ìpolówó sójú-ìwé rẹ̀; ti ilé iṣẹ́ AT&T wà lára àwọn àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ni àwòrán, ohùn àti fídíò ìpolówó ti ń bá ìròyìn rìn. Ẹrù ni gbogbo wọn, wọ́n sì ní ìwọ̀n. Dátà ni a fi ń wọn ẹrù náà, ẹni tí ó ra dátà ni ó sì ń sanwó rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ra dátà ní ìwọ̀n-ìwọ̀n kí wọ́n tó lò ó. Nítorí náà, kò sí ìpolówó fídíò kan tí kò bu díẹ̀ nínú ohun tí a ti fi owó rà. Ọ̀rọ̀ yìí tún wá le sí i ní oṣù kìíní ọdún 2025, nígbà tí àjọ NCC, tí ó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, tí kò gbọdọ̀ ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

A lè fi ìṣirò kékeré kan gbé e yẹ̀ wò. Ká ní ojú-ìwé ìròyìn kan wúwo tó mẹ́gábáìtì 3, tí mẹ́gábáìtì 2 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìpolówó. Ẹni tí ó ní mẹ́gábáìtì 1,000 yóò ka irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀ 333 kí dátà rẹ̀ tó tán. Bí ìpolówó kò bá wọlé rárá, 1,000 ojú-ìwé ni yóò kà. Àpẹẹrẹ lásán ni èyí, nítorí ojú-ìwé kan kò rí bí èkejì; ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìbínú ẹni tí dátà rẹ̀ tán láìpé ọjọ́ kì í ṣe ìbínú asán.

3.0 Ọ̀nà tí ìpolówó ń gbà wọlé

3.1 Orúkọ àti nọ́ńbà

Kí a tó lè dí ọ̀nà, a gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ó gbà. Gbogbo kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ní nọ́ńbà tí a fi ń dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n ó nira fún ènìyàn láti há nọ́ńbà sórí. Orúkọ ni ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ìwé kan ṣoṣo ni a kọ gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà sí, ibùdó ìwádìí Stanford ní Amẹ́ríkà ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ jù, Paul Mockapetris gbé ètò tuntun jáde ní 1983. Ètò náà ni a ń pè ní DNS. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí a bá bi í ní orúkọ, yóò sọ nọ́ńbà.

Bí ẹnì kan ní Ìlaròó bá tẹ orúkọ ìwé ìròyìn kan sínú fóònù rẹ̀, fóònù náà kò mọ ibi tí yóò lọ. Yóò kọ́kọ́ bi ráútà. Ráútà yóò bi kọ̀ǹpútà DNS ti ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, òun ni yóò sì dá nọ́ńbà padà. Ìgbà tí fóònù bá gba nọ́ńbà yìí ni yóò tó lọ gbé ẹrù.

3.2 Ojú-ìwé tí a rán pọ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ojú-ìwé ìròyìn kan kì í sábà ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo wá. Ó dà bí aṣọ tí a fi oríṣiríṣi ègé rán. Ọ̀rọ̀ ìròyìn lè ti ibi kan wá, kí àwòrán ti ibòmíràn wá, kí ìpolówó sì ti ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún wá. Ọ̀kan nínú orúkọ tí ó ń fara hàn jù nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni doubleclick.net, tí ó di ti Google ní 2008. Fóònù yóò béèrè nọ́ńbà fún orúkọ kọ̀ọ̀kan, yóò sì lọ gbé ẹrù níbi kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ń kàwé kò mọ̀ nípa ìrìn àjò wọ̀nyí. Dátà rẹ̀ nìkan ni ó ń dínkù.

Níhìn-ín ni àǹfààní wà. Ìbéèrè orúkọ kéré púpọ̀: nínú òfin DNS tí a tẹ̀ jáde ní 1987, ìdáhùn tí a fi ọ̀nà ìránṣẹ́ kúkúrú gbé kò gbọ́dọ̀ ju 512 báìtì lọ. Ẹrù ìpolówó tí ó ń tẹ̀lé e ni ó tóbi. Bí a bá dá ìbéèrè náà dúró, ẹrù kò ní gbéra. Èyí yàtọ̀ sí kí a jẹ́ kí ìpolówó wọlé tán kí a tó fi aṣọ bò ó. Ojú kò rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ti san owó rẹ̀.

3.3 Oníbodè àti afọ̀nàhàn

Àwọn ará ilẹ̀ Yewa kò ṣàì mọ oníbodè. Ní àtijọ́, òun ni ó ń jókòó sí ẹnu ibodè ìlú, tí ó ń yẹ ẹrù wò, tí ó sì ń gba owó. Lẹ́yìn tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn ààlà ilẹ̀ wọn ní 1889, àwọn aṣọ́bodè ìjọba gba iṣẹ́ náà. Ó ṣeé ṣe kí a fẹ́ fi DNS wé oníbodè, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a gbàgbé. Oníbodè ń wo inú ẹrù. DNS kò rí ẹrù rárá. Ó kàn ń fi ọ̀nà hàn ni. Bí a bá wí fún un pé kí ó má ṣe fi ọ̀nà ilé báyìí han ẹnikẹ́ni, yóò dáhùn pé irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sí, tàbí kí ó sọ nọ́ńbà 0.0.0.0, tí kò já sí ibì kankan. Fóònù yóò gbà bẹ́ẹ̀, àyè ìpolówó náà yóò sì ṣófo. Inú ìyàtọ̀ yìí ni agbára ọ̀nà yìí wà, inú rẹ̀ náà ni àìlera rẹ̀ wà.

4.0 Bí a ṣe ń tún ráútà ṣe

4.1 Ìdí tí ó fi jẹ́ ráútà

Ráútà ni ẹ̀rọ tí ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì ká inú ilé. Ó lè jẹ́ èyí tí ó ń jókòó sórí tábìlì, ó sì lè jẹ́ máífáì kékeré tí a ń mú rìn. Nínú ilé ayálégbé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Federal Polytechnic, Ilaro bá ń gbé, ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún lè dá owó jọ ra dátà sínú ráútà kan. Bí ráútà bá ń fún fóònù kọ̀ọ̀kan ní àyè lórí Wi-Fi, ó tún ń sọ fún un pé, “Bí o bá fẹ́ mọ orúkọ, ọ̀dọ̀ lágbájá ni kí o ti béèrè.” Nítorí náà, bí a bá yí ọ̀rọ̀ kan yìí padà nínú ráútà, gbogbo fóònù, kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣàn inú ilé ni yóò tẹ̀lé e. Kò sí ìdí láti máa tún wọn ṣe níkọ̀ọ̀kan.

4.2 Ìgbésẹ̀

Ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà kò ju mẹ́fà lọ.

(i) A ó so fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mọ́ Wi-Fi ráútà náà, a ó sì kọ nọ́ńbà ráútà síbi tí a ń kọ àdírẹ́sì ojú-ìwé sí. Lórí ọ̀pọ̀ máífáì Huawei, 192.168.8.1 ni, lórí àwọn mìíràn, ó lè jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1. A sábà máa ń kọ ọ́ sí abẹ́ ẹ̀rọ náà tàbí sí abẹ́ bátìrì rẹ̀.

(ii) A ó fi pásíwọọ̀dù alábòójútó wọlé. Pásíwọọ̀dù yìí yàtọ̀ sí ti Wi-Fi. Bí ó bá ṣì jẹ́ èyí tí ó bá ẹ̀rọ náà ti ilé iṣẹ́ wá, a gbọ́dọ̀ pa á dà lójú ẹsẹ̀. Ìdí èyí yóò hàn ní ìpín 6.0.

(iii) A ó wá ibi tí a kọ DHCP tàbí LAN sí. Ibẹ̀ ni àyè méjì fún DNS máa ń wà. A ó kọ nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sínú ìwé kí a tó pa á rẹ́, kí a lè rí ọ̀nà padà bí nǹkan bá dàrú.

(iv) A ó fi nọ́ńbà DNS tí ó ń dá ìpolówó padà rọ́pò rẹ̀. Ọ̀kan tí a ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ ni ti AdGuard, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 94.140.14.14 àti 94.140.15.15. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé ènìyàn yóò fi èyí sí àyè kìíní, yóò sì fi DNS gbogbogbòò bí 8.8.8.8 ti Google sí àyè kejì, pé kí ó jẹ́ adíjàgbà. Fóònù lè bi èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Nítorí náà ìpolówó yóò máa wọlé nígbà mìíràn, onílé yóò sì rò pé ọ̀nà náà kò ṣiṣẹ́. Àyè méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan náà.

(v) A ó fi ìyípadà náà pamọ́, a ó pa ráútà, a ó sì tún un tàn.

(vi) A ó pa Wi-Fi orí fóònù kọ̀ọ̀kan, a ó sì tún un ṣí, kí ó lè gba ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu ráútà. Lẹ́yìn náà, a ó ṣí ojú-ìwé ìròyìn tí a mọ̀ pé ìpolówó rẹ̀ pọ̀, a ó sì wò bóyá àyè wọn ti ṣófo.

4.3 Nígbà tí ráútà bá kọ̀

Kì í ṣe gbogbo ráútà ni ó ń gbà kí a fọwọ́ kan DNS rẹ̀. Nínú àwọn máífáì olówó pọ́ọ́kú àti àwọn tí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tì pa, a lè má rí àyè náà rárá. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, a lè tún fóònù kọ̀ọ̀kan ṣe. Láti Android 9, tí ó jáde ní 2018, ni àyè kan ti wà nínú ìtò fóònù tí a pè ní Private DNS. Bí a bá kọ dns.adguard-dns.com síbẹ̀, fóònù náà yóò máa bi ẹni tí a fẹ́, yálà ó wà lórí Wi-Fi ilé tàbí lórí síìmù rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta wà fún ẹni tí ó fẹ́ ni afọ̀nàhàn tirẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí ń jẹ́ Pi-hole, tí a lè fi sínú kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi. Inú ilé ni yóò wà, òun ni ráútà yóò máa bi. Àǹfààní rẹ̀ ni pé onílé lè rí orúkọ tí a béèrè, ó lè fi orúkọ kún àwọn tí a dí, ó sì lè yọ òmíràn kúrò. Ìṣòro rẹ̀ ni iná. Bí iná bá lọ, tí kọ̀ǹpútà kékeré náà kú, ṣùgbọ́n tí ráútà ṣì ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, gbogbo ilé yóò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì láìrí ojú-ìwé kankan ṣí, nítorí kò sí ẹni tí yóò fi ọ̀nà hàn wọ́n.

5.0 Ibi tí agbára ìdènà náà mọ

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá tún ráútà rẹ̀ ṣe mọ ọ̀nà tí ó ṣì ṣí sílẹ̀, kí ó má baà rò pé òun ti tì gbogbo rẹ̀ pa.

Èkíní, DNS kò lè ya ìpolówó sọ́tọ̀ bí òun àti ohun tí a fẹ́ wò bá ń gbé inú ilé kan náà. Ibi tí YouTube ti ń gbé fídíò wá náà ni ó ti ń gbé ìpolówó wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpolówó tí ó wà láàrin ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ lórí Facebook àti Instagram rí. Bí a bá dí orúkọ náà, fídíò àti ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yóò bá a lọ. Níhìn-ín ni àìlera tí a tọ́ka sí ní ìpín 3.3 ti hàn: afọ̀nàhàn kò lè yẹ inú ẹrù wò.

Èkejì, áàpù mìíràn kì í bi ráútà. Ní 2018 ni a tẹ òfin kan jáde tí ó jẹ́ kí ìbéèrè DNS lè gba ọ̀nà bòńkẹ́lẹ́, níbi tí ráútà kò ti lè rí i. A ṣe é láti dáàbò bo àṣírí àwọn tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ kí áàpù lè ní afọ̀nàhàn tirẹ̀ láìgba àṣẹ onílé.

Ẹ̀kẹta, ráútà kò ní àṣẹ lórí fóònù tí ó bá ti kúrò lórí Wi-Fi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìlaròó ni ó ń lo dátà láti orí síìmù tààrà. Fún wọn, ọ̀nà Private DNS ni ó wúlò.

Ẹ̀kẹrin, àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó tí àwọn ilé iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ sí fóònù kò gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdènà tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ní 2016 ni NCC pàṣẹ pé kí ẹni tí kò bá fẹ́ irú rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà STOP ránṣẹ́ sí 2442.

Ẹ̀karùn-ún, ìdènà lè ṣẹ́ ẹni tí kò ṣẹ̀. Áàpù tí a fi ìpolówó sanwó rẹ̀ lè kọ̀ láti ṣí. Ránṣọránṣọ tí ó ń gbé àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ sórí Facebook, tí ó sì ń sanwó kí àwọn ènìyàn lè rí i, lè rí i pé ojú-ìwé tí òun fi ń mójú tó ìpolówó kò ṣí mọ́ lórí Wi-Fi ilé. Nítorí náà, nínú ilé tí ènìyàn púpọ̀ jọ ń lo ráútà kan, kò tọ́ kí ẹnì kan dá yí i padà láìsọ fún àwọn yòókù. Owó gbogbo wọn ni ó ra dátà. Ìmọ̀ràn gbogbo wọn ni ó yẹ kí ó ti ilẹ̀kùn.

6.0 Ta ni ó ń ṣọ́ afọ̀nàhàn?

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ojú-ìwé tí onílé fi ń dá ìpolówó padà nínú ráútà lè jẹ́ ihò kan lára ògiri bí kò bá tọ́jú rẹ̀. Ìtàn kan wà tí ó fi èyí hàn kedere.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI ti Amẹ́ríkà kéde pé ọwọ́ tẹ àwọn ará Estonia mẹ́fà. Ètò burúkú kan tí a ń pè ní DNSChanger ni wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà olówó. Ohun tí ó ń ṣe kò ju ohun tí a ṣàlàyé ní ìpín 4.2 lọ: ó ń yí nọ́ńbà DNS padà, nínú kọ̀ǹpútà, nígbà mìíràn nínú ráútà tí a kò pa pásíwọọ̀dù rẹ̀ dà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn olè ni nọ́ńbà tuntun náà já sí. Bí ènìyàn bá béèrè ibì kan, wọ́n a fi ibòmíràn hàn án. Wọ́n a yọ ìpolówó tí ó wà lójú-ìwé, wọ́n a sì fi tiwọn rọ́pò rẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù 4 kọ̀ǹpútà tí ọ̀rọ̀ náà kàn ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 100, owó tí wọ́n sì rí nínú rẹ̀ kò dín ní mílíọ̀nù 14 dọ́là. Lẹ́yìn tí a mú wọn, a kò lè ti àwọn DNS wọn pa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí gbogbo àwọn tí wọ́n ti tàn jẹ ni kò ní rí ọ̀nà mọ́. Ilé ẹjọ́ yan ẹni tí yóò máa fi DNS gidi dáhùn dípò wọn títí di ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 2012.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí pọ̀. Ọ̀bẹ kan náà ni onílé àti olè ń lò. Ẹni tí ó ń dáhùn orúkọ ni ó ń pinnu ibi tí gbogbo ilé yóò lọ. Nítorí náà, nọ́ńbà DNS tí a kò mọ ẹni tí ó ni ín kò yẹ ní fífi sínú ráútà, ì báà jẹ́ pé ẹni tí ó mú un wá sọ pé yóò dá ìpolówó padà. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ ni, ó yẹ kí a rántí pé gbogbo orúkọ tí inú ilé bá béèrè ni yóò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá: ilé ìfowópamọ́ tí a ń lò, àìsàn tí a ń ka ìwé nípa rẹ̀, ìjọ tí a ń lọ. Kò rí ohun tí a kà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ẹnu ọ̀nà tí a kàn. Ẹni tí kò bá lo irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bọ́ nínú èyí, nítorí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n dípò. Ìbéèrè tí ó kù ni ta ni ó tẹ́ onílé lọ́rùn láti fi àṣírí náà lé lọ́wọ́.

7.0 Àwọn tí ìpolówó ń bọ́

Àtakò kan wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí ó ń ka ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ tí ó sì ń dá ìpolówó padà dà bí ẹni tí ó jẹun tí kò sanwó. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, owó ni àwọn òǹkàwé fi ń rà á. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹkàwé. Owó ìpolówó ni wọ́n fi ń san owó oṣù òṣìṣẹ́. Bí gbogbo ilé bá ti ilẹ̀kùn, ìwé ìròyìn kéékèèké, pàápàá àwọn tí ó ń fi èdè Yorùbá kọ̀wé, ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Síbẹ̀, àtakò náà kò pa kókó iṣẹ́ yìí rẹ́. Òǹkàwé ń sanwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni owó dátà rẹ̀ ń lọ bá, kì í ṣe ẹni tí ó kọ ìròyìn. Pẹ̀lú èyí, ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àwòrán nìkan. Ó tún ń ṣọ́ ẹni tí ó ń wò ó láti mọ ohun tí ó fẹ́. Òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìhà yìí. Òfin ARCON ti 2022 fún àjọ tí ó ń mójú tó ìpolówó ní Nàìjíríà ní àṣẹ tuntun, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 sì fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kí a má lo ìmọ̀ nípa rẹ̀ láti fi polówó ọjà fún un. Ẹni tí ó bá ti ráútà rẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba apá kan nínú ẹ̀tọ́ tí òfin ti fún un.

Ọ̀nà àárín wà. Ẹni tí ó bá ń lo Pi-hole lè fi ìwé ìròyìn tí ó fẹ́ràn sílẹ̀ láìdí, bí ó bá mọ orúkọ tí ìpolówó wọn ń gbà wọlé. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí lè ra ẹ̀dà ìwé ìròyìn náà níbi tí wọ́n bá ti ń tà á. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ìrànlọ́wọ́ náà jẹ́ ohun tí òǹkàwé mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, kì í ṣe ohun tí a yọ nínú àpò rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì yí ètò àtijọ́ padà, nítorí pé ẹni tí a ń polówó fún ni ó wá ń ru ẹrù ìpolówó. Ó ti ṣàlàyé pé orúkọ ni ìpolówó fi ń wọlé, àti pé bí a bá yí ẹni tí ó ń dáhùn orúkọ padà nínú ráútà, púpọ̀ nínú ẹrù náà kò ní gbéra. Ó tún ti sọ ibi tí ọ̀nà náà kò dé: orí YouTube àti Facebook, áàpù tí ó ní afọ̀nàhàn tirẹ̀, àti fóònù tí ó wà lórí síìmù.

Ohun tí ó yẹ kí ilé kan ní Ìlaròó fi ọkàn sí kò pọ̀. Kí ó pa pásíwọọ̀dù ráútà dà. Kí ó lo DNS tí ó mọ ẹni tí ó ni ín, ní àyè méjèèjì. Kí ó kọ nọ́ńbà àtijọ́ pamọ́. Kí ó sì sọ fún gbogbo ẹni tí wọ́n jọ ń lo ráútà náà. Alákiri tí ó gba iwájú ilé kọjá kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, nítorí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni ó fi rìn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó fi owó onílé wọ ọkọ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà kò yẹ ní ẹni tí yóò bínú bí onílé bá ní òun kò ṣílẹ̀kùn.